Ẹyin Kan Lábẹ́ Ìhà

Ìgbọ̀nwọ́ ló kọ́kọ́ fi hàn mí, kì í ṣe ìhà.
"Ibí ló ń dùn mí," ni Ercira Nauto wí,
ó rò ó wò, ó gbé ọwọ́ lọ sí ìhà ọ̀tún.
Ó yọ̀ ṣubú lórí àkàbà àká ọ̀dùnkún
láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Òjò ń rọ̀ ní Achao
bó ti ń rọ̀ láti oṣù Kẹrin,
òjò tí kò ní ohun tuntun láti sọ.

Mo ní kó bọ́ súwẹ́tà mẹ́ta.
Ó bọ́ méjì. Ó ní ẹ̀kẹta ti di awọ ara òun.
Kò ní bọ́tìnnì; mo gbà fún un.
Ó gbé agbọ̀n kékeré lé orí àga, ó faṣọ bò ó.
"Ẹ fa èémí sínú. Ẹ dì í mú."
Ẹ̀rọ dún ṣákí.
"Ẹ máa mí."

Eegun ìhà kò ṣẹ́. Mo kà wọ́n, mo tún wọn kà.
Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ wọn, lábẹ́ ẹ̀dọ̀,
níbi tó yẹ kí òróòro wà láìfarahàn
bí omi nínú omi,
òrùka funfun kan jókòó.
Kò kún. Òkúta ì bá kún.
Àárín rẹ̀ ṣókùnkùn, etí rẹ̀ ń tàn,
orí rẹ̀ tín-ín-rín, ìdí rẹ̀ fẹ̀,
bí ẹyin tí ẹnikẹ́ni kò yé.

Mo ní kó fi ẹ̀gbẹ́ kọjú sí ẹ̀rọ.
Bó bá jẹ́ kíndìnrín ni, yóò sá lọ bá eegun ẹ̀yìn.
Kò sá. Iwájú ló wà,
ó dúró bí ẹni tó mọ orúkọ ara rẹ̀.

Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń ya inú ènìyàn ní erékùṣù yìí,
ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ti rí irú rẹ̀.
Ohun tó bá ń ta ara lójoojúmọ́,
ara kì í pariwo rẹ̀ títí; a máa fi ẹfun rẹ́ ẹ.
Òkúta há sínú àpò, ògiri àpò wú,
ó jiná, ó tún wú,
títí ó fi di àwo tánńganran
tí a kò lè gbé oúnjẹ sí.

"Kí lo rí?"

Èmi kì í ṣe dókítà.
Ojú mi ni wọ́n ń sanwó fún, kì í ṣe ẹnu mi.
Mo ní, "Ìhà yín kò ṣẹ́."
Òótọ́ ni, òótọ́ tí wọ́n gé sí méjì.
"Dókítà Oyarzo yóò bá yín sọ̀rọ̀ ní Castro.
Ẹ bá ọkọ̀ ojú omi àárọ̀ ọ̀la lọ."
Ó wò mí. Ẹni tó ń sin adìyẹ
mọ ìgbà tí ẹ̀dá bá sàba lórí nǹkan.
Ó ká aṣọ kúrò lórí agbọ̀n: ẹyin mẹ́fà,
aláwọ̀ aró tó ti ṣá, bí adìyẹ ìhín ti ń yé e.
"Fún wàhálà rẹ," ló wí, ó sì wọ inú òjò lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú mo ṣe ohun tí kò yẹ.
Mo gbé ẹyin kan sórí pátákó, mo yà á.
Aró kò hàn. Ìtànṣán kò mọ àwọ̀.
Òrùka ni mo rí:
láàárín, èèpo fẹ́lẹ́ ni ìtànṣán là kọjá,
létí, ó ní láti rin èèpo náà lóòró,
ibẹ̀ ló ti rẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ló ti funfun.
Mo gbé àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.
Ọ̀kan, a lè dín in.

Mo kọ̀wé sí dókítà: ògiri òróòro ti di ẹfun.
Ẹ fi sikáànì wò ó. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́.
Jẹjẹrẹ a máa bá irú ògiri bẹ́ẹ̀ gbé nígbà mìíràn,
kì í ṣe ìgbà gbogbo.
Mo fa ìlà sábẹ́ "ẹ má jẹ́ kó pẹ́",
mo pa iná.

Mo din márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ náà.
Ẹ̀kẹfà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.
Ọkọ̀ ojú omi kò tí ì mú ìròyìn dé.