Ọmọ Òṣómàáló Lẹ́nu Àwọ̀n

Aago méjì òru ní Ìṣọkùn, nílùú Iléṣà,
àwa mẹ́fà forí korí lórí fóònù kan tójú rẹ̀ ti sán.
Gbọ̀ngàn ọ̀hún jìn. Ògiri yí wọn ká, kò sáyè àtisá:
ọ̀pá lọ́wọ́, àpò àwọ̀n lórí ọ̀pá,
bọ́ọ̀lù róbà tó le bí èkùrọ́.

Bámigbóyè wa ló ń ṣọ́lé fún Nàìjíríà.
Ó wú bíi tìmùtìmù nínú aṣọ ìjà,
ó lóṣòó.

Ìyá Àgbà ní, "Ẹ ò rí i?
Bí bàbá bàbá rẹ̀ ṣe ń lóṣòó nìyẹn
lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè l'Ọ́fà,
tí kì í dìde àfi tówó aṣọ bá pé."
Mo ní, "Màmá, ìyẹn ń gba owó ni.
Èyí ò fẹ́ san."

Àwọn Jámánì gbà, wọ́n tún gbà:
góòlù mọ́kànlá. Tiwa, márùn-ún.
Ó ku ìṣẹ́jú kan, wọ́n sọ òkò kan,
gbì! láyà Bámigbóyè.
Ó fọwọ́ méjèèjì dì í mú
bí ẹni mú adìyẹ.
Ibẹ̀ ni bátìrì kú sí.

Nígbà tá a ṣáná sí àtùpà,
Ìyá Àgbà ti lóṣòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀,
tòun ti orúnkún tó ń ro ó látèṣí.