Àgbékọ́tí Méjì

Bọ́dúnrìn àbúrò mi ti Kánádà dé sí Ẹ̀fọ̀n
pẹ̀lú páálí méjì, ó tò wọ́n sórí tábìlì bí ọlọ́jà.
"Ẹ mú ọ̀kan, bọ̀dá mi.
Ìkejì ń bá mi padà lọ́jọ́ Sátidé."
Mo béèrè iye tó rà wọ́n. Ó kọ́kọ́ wúkọ́.
Nígbà tó dárúkọ owó, mo gbójú sókè wo páànù ilé wa tó ń jò,
mo tún wo páálí,
mo ní kó má jẹ́ kí ìyàwó mi gbọ́.

Àkọ́kọ́ dúdú. Awọ ni ìrọ̀rí etí rẹ̀.
Ó wúwo bí ẹjọ́ ilẹ̀.
Mo dé e, ilẹ̀kùn ayé sì tì gbọingbọin.
Ewúrẹ́ Ìyá Ìbídàpọ̀ ń yanu ní ojúde, kò dún,
jẹnẹrétọ̀ onígbàjámọ̀ ń gbọ̀n jìnnìjìnnì, kò dún.
Èmi nìkan ni mo jókòó
nínú yàrá tí kò ní fèrèsé.

Mo ní kó fi ohùn ìyá wa sí i,
èyí tí bàbá gbà sínú kásẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ilé ìdáná
nígbà tí eyín mi iwájú ṣì ń yọ.
Mo ti gbọ́ ọ nígbà àìmọye lórí rẹdíò.
Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ rí.
Mi ò gbọ́ ọ rí pé ó gbé itọ́ mì
kó tó pe orúkọ mi.
"Ọma mi," ó ní,
kì í ṣe "ọmọ" tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé,
"ọma" gan-an, tó ṣí sílẹ̀ gbayawu.
Mo di tábìlì mú.

Àmọ́ nígbà tó tó wákàtí kan, ó di ìjọba amúnisìn.
Ó tẹ apá awò ojú mi mọ́ egungun,
òógùn ń ṣàn lẹ́yìn etí mi,
ní Ẹ̀fọ̀n, níbi tí kùrukùru ò tí ì kúrò lórí òkè,
níbi tí a ti ń wọ súwẹ́tà jẹun!
Fúnláyọ̀ pè mí lẹ́ẹ̀mẹta.
Ìgbà tí mo fi bọ́ ọ, iyán ti le,
ojú ẹni tó gún un náà sì le.

Ìkejì, igi ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àrán ni tìmùtìmù rẹ̀,
ara rẹ̀ lu bí asẹ́.
Ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dé e wọ balùwẹ̀.
Ìyá kò sí nínú orí mi mọ́,
ó sún sẹ́yìn díẹ̀, ó jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ààrò,
afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i.
N ò ní purọ́, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò kún tó ti dúdú.
Ẹ̀gbà ọwọ́ ti sá padà sínú òkùnkùn.
Ewúrẹ́ wọlé. Jẹnẹrétọ̀ wọlé.
Bọ́dúnrìn tó ń rún ìrèké lẹ́nu wọlé.
"Àbùkù rẹ̀ nìyẹn," ó ní, "ó ń jò."
Mo ní, bíi páànù wa.

Lẹ́yìn "ọma mi", odó máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì náà.
Gbì. Gbì. Ọmọ odó méjì tí ń gba ara wọn láyè.
Mo dijú, mo ń fi orí kà á.
Nígbà tí mo lajú, fóònù fi hàn pé ohùn ti parí.
Odó ò dákẹ́.
Fúnláyọ̀ ni, òun àti ọmọ wa, ní ẹ̀yìnkùlé,
mi ò sì mọ ibi tí odó kan ti dúró
tí èkejì ti gbà á.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ní kó gbé dúdú lọ.
Ó ní gbogbo ayé ló mọ̀ pé dúdú ló dára jù.
Mo ní èmi náà mọ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ Ajé mo dé oníigi,
mo ń wá ìró ẹ̀gbà ọwọ́ yẹn.
Mo mọ ibi tó wà: ṣáájú orúkọ mi,
lẹ́yìn itọ́ tó gbé mì.
Mo mí sínú. Mo fetí sílẹ̀.
Ewúrẹ́ ké.