Ìwé Ìwọn Omi ní Ìdí-Emi

Kí adìyẹ tó sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀
bàbá mi á mú ìwé aláwọ̀ ewé, á fi pẹ́ńsù há etí,
á lọ síbi òpó onínọ́ńbà tí ìjọba rì sẹ́nu dáàmù,
á wo ibi tí omi fẹnu kàn, á kọ ọ́:
mẹ́rìnlélógún. Mẹ́rìnlélógún. Mẹ́tàlélógún ààbọ̀.
Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe é.
Owó oṣù rẹ̀ kì í dé bí omi ṣe ń dé.

Ọwọ́ mi ni ìwé náà wà báyìí. Ikán ti jẹ etí rẹ̀.

Kí dáàmù tó dé, odò lásán ni Ayìnrín,
odò tí ọmọdé ń fò kọjá lẹ́ẹ̀rùn,
tí àgbà ń ká ṣòkòtò sókè fún nígbà òjò.
Ilé mẹ́tàdínlógójì ni wá,
ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi kan, àtẹ̀gùn mẹ́rin lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀,
mọ́ṣáláṣí kékeré tí Àlàní Lásúnkànmí fi páànù bò
lọ́dún tí wọ́n lé wọn wálé láti Kùmásì.

Akọ̀wé dé pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀ àti ọ̀dà pupa.
Ó ka igi kajú, ó kọ iye sí i.
Ó ka máńgòrò, ó kọ iye sí i.
Ó dé ìdí emi tí a fi ń jẹ́ orúkọ,
ó ní, "Ta ló gbìn ín?"
Ìyá àgbà Àwẹ̀ró ní, "Ọlọ́run ni."
Ó ní, "Ọlọ́run ò sí nínú ìwé gbà-máà-bínú."
Ó fa ìlà, ó kọjá.

A kó gun òkè. A kó ilẹ̀kùn, a kó páànù, a kó odó.
Ọlọ ìyá àgbà nìkan ló kù, ara àpáta ló wà.
Ta ni yóò ru àpáta?

Omi ò sáré.
Èmi tí mo rò pé yóò ya lù wá bí ọmọ ogun!
Bí àlejò ló ṣe wọlé.
Ó kọ́kọ́ dé ọgbà ilá.
Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dúró lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni tó pẹ́ dé ìsìn,
ó wọlé, ó jókòó,
kò dìde mọ́.
Bàbá mi kọ ọ́: méjìlá.
Ó fi lẹ́tà kéékèèké kún un: omi dé ẹnu ọ̀nà wa.

Páìpù gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.
N ò bá wọn jà, òùngbẹ ń gbẹ àwọn náà.
Àmọ́ korobá ló wà lórí tiwa,
mo sì máa ń gbé etí lé páìpù lọ́sàn-án
kí n gbọ́ bí odò ṣe ń lọ láì kí wa.
Àwọn Tápà apẹja ti Jẹ́bà wá,
àwa tí a mọ orúkọ iṣu mẹ́sàn-án
bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ orúkọ ẹja.

Lọ́dún tí òjò kọ̀, ìwé wí pé: mẹ́sàn-án. Mẹ́jọ. Méje.
Ẹrẹ̀ là. Àtẹ̀gùn mẹ́rin yọ, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì lókè wọn.
Ìyá àgbà ní kí a mú òun sọ̀ kalẹ̀.
Ó bá ọlọ, ó fi ìdí ìró nù ún,
ó tú kókó aṣọ, ata mẹ́ta jábọ́.
Ó kúnlẹ̀, ó lọ̀ ọ́ kúnná.
"Ẹ rí i? Kò gbàgbé iṣẹ́."
Kò sunkún. Èmi ni ata wọ̀ lójú.

Òjò dé lọ́sẹ̀ kejì. Bàbá kọ ọ́: mẹ́jọ. Ọlọ ti wọlé.

Ojú ewé kan ṣófo lẹ́yìn ìyẹn.
Mo mọ ọjọ́ náà. Àwa la gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, lókè, nínú òkúta.

Òpó ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìjọba ò rán ẹlòmíràn.
Ṣóńṣó igi emi ṣì yọ láàárín omi, lékeléke ló ń bà lé e.
Láàárọ̀ yìí mo fi pẹ́ńsù há etí,
mo yí orí díẹ̀ kí n lè ka òpó tó tẹ̀,
mo kọ ọ́:
mọ́kànlélógún, tàbí kó lé díẹ̀.