Ojúlé Kẹtàdínláàádọ́ta

Yìnyín ń bọ́ sórí adágún ńlá,
Duluth ti sùn,
èmi àti kọ̀ǹpútà la jọ ń wo ara wa.
Ọ̀gbẹ́ni Halvorsen ló gbéṣẹ́ fún mi,
bàbá tó ń fi pákó kédárì kan ọkọ̀ ojú omi:
“Bá mi tún ibùdó mi orí íńtánẹ́ẹ̀tì tò.
Nọ́ńbà ni gbogbo ojúlé ibẹ̀.
Ta ní í fi nọ́ńbà pe ọkọ̀?”

Mo gbẹ́ àwòṣe kan ṣoṣo,
bí férémù tí bàbá mi fi ń lu búlọ́ọ̀kù ní Ìgbàrà-Òkè:
orúkọ níhìn-ín, gígùn lọ́hùn-ún,
àwòrán lókè, iye owó nísàlẹ̀.
Da yẹ̀pẹ̀ sí i, lù ú mọ́lẹ̀, yọ ọ́.
Ọgọ́ta ọkọ̀ jáde, igun wọn dọ́gba.

Ó wá ku òfin ọ̀nà.
Mo kọ ọ́ pé bí àlejò bá bèèrè nọ́ńbà,
kí wọ́n mú un lọ síbi orúkọ.
Mo tún fi àmì ìràwọ̀ kan sí i,
èyí tó túmọ̀ sí ohunkóhun,
mo gbé e sókè téńté.
Háà! Ìràwọ̀ ò mọ ààlà.
O tẹ ọkọ̀ ìpẹja, ojú ìwé ìkànsí;
o tẹ àjẹ̀, ojú ìwé ìkànsí;
o tẹ ìkànsí gan-an,
ó ń pòyì bí ajá tó ń lé ìrù ara rẹ̀.

Aago méjì òru ti lù kí n tó rántí:
òkè ni ẹ̀rọ ti ń ka òfin bọ̀,
èyí tó bá kọ́kọ́ bá a mu ló ń tẹ̀ lé,
kì í bèèrè ìkejì.
Ẹni tó lórúkọ ni kó kọ́kọ́ wọlé.
Ohunkóhun, lọ dúró lẹ́yìn.
Ilé tòrò.

Àfi ọ̀kan tí kò gba inú férémù.
Kẹtàdínláàádọ́ta: kò ní gígùn, kò lówó lórí.
Obìnrin kan ló di àjẹ̀ mú, tó ń rẹ́rìn-ín.
Mo pe bàbá láàárọ̀.
Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé ìlà ti já.
“Solveig ni. Kì í ṣe títà.
Òun ló kọ ojúlé yẹn sára káàdì
fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Norway.
Wọ́n ṣì ń wá a wò.”

Mo gbẹ́ àwòṣe mìíràn, èyí tí kò ní àyè owó.
Mo kọ òfin tirẹ̀ lọ́tọ̀, mo fi lé gbogbo òfin lórí:
ẹni tó bá mú nọ́ńbà àtijọ́ dání dé,
ẹ má sọ fún un pé a ò rí i.
Ẹ sọ pé ó ti kó lọ,
kí ẹ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.