Ihò Pẹ́dà

Ọjọ́ Sátidé, kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì,
mo ti kẹ̀kẹ́ ológeere bàbá mi jáde ní Òkè-Ẹlẹ́rin.
Táyà rẹ̀ tuntun, ìjókòó rẹ̀ tuntun,
egungun rẹ̀ nìkan ni kò yí padà.

Ìyàwó mi ní: "Ta ló kú?"
Mo ní kò sẹ́ni tó kú.
"Ta ló ń ṣègbéyàwó?"
Mo ní ẹsẹ̀ ló ń yún mi.
Ó mí kanlẹ̀, ó di àkàrà mẹ́fà sínú bébà fún mi.

Ọ̀dà tán lẹ́yìn ilé-epo tó gbẹ̀yìn.
Yangí bẹ̀rẹ̀.
Yangí kì í tan ẹsẹ̀ jẹ:
bí o bá sáré, á gbé ọ ṣubú,
bí o bá rọra, á bá ọ sọ̀rọ̀,
kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́ lábẹ́ táyà
bí ẹni ń jẹ àgbàdo sísun nínú òkùnkùn.

Kajú ti ń tanná lọ́tùn-ún,
irúgbá dúró lósì, ọyẹ́ ti la ètè mi.
Ọmọ Fúlàní kan tó ń da màlúù mọ́kànlá
yẹ̀ fún mi. Àwọn màlúù kò yẹ̀.
Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń fara gba àárín wọn
bí ẹni tó pẹ́ dé ìsìn, tó ń wá àyè ìjókòó.

Ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́, wọ́n ti fi táìlì bo ojú rẹ̀,
ó ń dán bíi báńkì. Mo kọjá.
Ìkejì, ìjì ti gbé òrùlé rẹ̀ lọ,
ẹ̀gẹ́ hù níbi tí àga ìwàásù wà.
Ẹ̀gẹ́ ọ̀hún ta dáadáa.
Ìkẹta ni ti Ahoro Olókìtì:
ògiri alámọ̀, páànù tó pọ́n bí epo,
ríìmù mọ́tò tó rọ̀ sẹ́ka máńgòrò, òun ni aago.
Lórí àtẹ́rígbà wọ́n kọ 1 9 3,
òjò ti jẹ ìyókù.

Ìyá Tàbítà tú kọ́kọ́rọ́ láti kókó ìró rẹ̀.
"Ṣé o wá tún un ṣe ni, àbí o wá kà wá?"
Mo ní, Ìyá, mo kàn ń gun kẹ̀kẹ́ ni.
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.
"Arúgbó báyìí! Ó kàn ń gun kẹ̀kẹ́!"
Nígbà náà ló wá wo kẹ̀kẹ́ ọ̀hún,
ó wò ó bí ojú ọmọ tó ti pẹ́ ní ìdálẹ̀.
"Oyèbọ̀dé," ló wí.
Kì í ṣe èmi ló ń kí.

Ó mú mi yí sí ẹ̀gbẹ́ ilé, apá ìwọ̀-oòrùn.
Ihò kan wà lára ògiri, ó ga tó orókún ọmọdé,
ó jìn tó àtàǹpàkò, etí rẹ̀ ń dán.
"Ìsinmi kẹta-kẹta, ọdún méjìlélógún,
ibí ló ń fi í tì.
Ẹ̀ẹ̀mẹta la tún ògiri yìí rẹ́.
Bàbá Tàbítà ní ẹ fi ihò yẹn sílẹ̀,
bí ẹ bá dí i, níbo ni ajíhìnrere yóò fi kẹ̀kẹ́ sí?"

Mo fi í tì. Pẹ́dà wọlé
bí ìka ṣe ń wọ òrùka tó ti mọ́ ọn lára.

Bàbá mi, tí kì í sọ ibi tó ń lọ,
tí à ń pè ní aláìgbélé,
tí màmá mi ń gbé oúnjẹ rẹ̀ dè títí yóò fi tutù.
Ogójì ọdún ni mo fi bínú sí i.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, a jẹ àkàrà.
Oyin ti gba àjà, wọ́n ń kùn
bí ìjọ tí kò mọ ọ̀rọ̀ orin.
N kò gbàdúrà. Ìyá náà kò sọ pé kí n gbà á.

Ṣéènì yọ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó padà kan ọ̀dà,
gírísì kun mi dé ọrùn ọwọ́.
Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà: "Ibo lo lọ?"
Oúnjẹ ti tutù lórí tábìlì.
Mo jókòó tì í,
mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀dà ti tán.