Ta Ló Fọwọ́ Sí I?

Aago méjì òru ní Tórshavn, ilẹ̀ kò sì ṣú.
Oṣù Kẹfà ni; oòrùn kàn lọ rẹjú lẹ́yìn òkè ni.
Kùrukùru gun orí òrùlé oníkoríko,
àgùntàn aládùúgbò mi ń wúkọ́ bí arúgbó.
Mo tẹ àṣẹ. Èsì dé, ó pupa:
"Aláṣẹ tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí yìí, n kò mọ̀ ọ́n."

Ọ̀kẹ́ méje ẹja sámónì wà nínú àwọ̀n ní Vestmanna,
ebi ti ń pa wọ́n láti ìrọ̀lẹ́.
Ohun tó ń bu oúnjẹ fún wọn ń gbé inú kọ̀ǹténà,
kì í ṣe èyí onírin tí kírénì ń gbé ní èbúté o,
èyí kò wúwo, kì í dípẹtà,
olùṣọ́ kan ló ń dà wọ́n bí agbo.

Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi ń bínú sí ilẹ̀kùn
kó tó yé mi pé ilẹ̀kùn kò lé mi.
Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, olùṣọ́ na ìwé rẹ̀ sí mi,
ẹ̀rọ tèmi gan-an ló fà sẹ́yìn,
bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kọ́ pé kó má gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀.

Mo wo aago ẹ̀rọ mi:
ẹ̀rọ tí aago rẹ̀ bá sùn a máa pe ààyè ìwé ní òkú.
Aago pé.
Mo wo orúkọ. Èyí tí mo pè ló wà lára ìwé, àmì kan kò yẹ̀.
Ọjọ́ tí ìwé yóò kú? Ó ku oṣù mọ́kànlá.
Mo gbé kọfí kaná, mo gbàgbé rẹ̀.

Sjúrður fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láti orí ibùsùn:
"Sọ fún un kó má yẹ ìwé wò mọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni.
Wàá wọlé, wàá lọ sùn."
Òótọ́ ni. Báyìí la ṣe ń wọlé.
Báyìí náà lolè ṣe ń wọlé.

Bàbá bàbá mi, tó ń pẹja lẹ́bàá Nólsoy,
bí ẹnikẹ́ni bá pè é láti inú kùrukùru,
kì í béèrè pé, ta ni ọ́? Ẹnu lásán ni ìyẹn.
A ní, "Ta ló kan ọkọ̀ rẹ?"
Bí kò bá mọ orúkọ tí wọ́n dá, a tún ní,
"Ta ló kọ́ onítọ̀hún níṣẹ́?"
títí wọn yóò fi dárúkọ òkú kan tí òun náà mọ̀.
Ìgbà náà ni yóò tó ki àjẹ̀ bọ omi.

Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́, ìwọ ìwé?
Mo tú fáìlì ilé mi, mo bá òǹtẹ̀ tí mo fi ń dá a mọ̀:
ti ìgbà òtútù ni.
Eyðbjørg sì ti wó gbogbo rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ó tún un kọ́,
orúkọ kan náà, àdírẹ́sì kan náà.
Ọba tuntun ti jẹ láàfin àtijọ́,
èmi ṣì di orúkọ ọba tó wàjà mú.

Ṣé kí n kàn gba òǹtẹ̀ tuntun lẹ́nu ọ̀nà,
kí àjèjì jẹ́rìí ara rẹ̀?
Mo pe Klaksvík.
"Rannvá? Ṣé ilé ń jó ni?"
Eyín ń yọ lẹ́nu ọmọ rẹ̀, òun náà kò tíì sùn.
Ó ń kà á, mo ń fi ìka tẹ̀ lé e lórí gíláàsì:
ẹ́fù, mẹ́rin. Òdo, sí. Mẹ́sàn-án, bí.
Méjì-méjì, ọ̀nà méjìlélọ́gbọ̀n.
Ní ìkọkàndínlógún ọmọ figbe ta,
a tún bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Ó pé. Mo fi tuntun rọ́pò ògbólógbòó.
Ẹnikẹ́ni kò kí mi káàbọ̀; orúkọ àwọn kọ̀ǹténà kàn tò sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.
Ní Vestmanna, ọ̀pá ńlá wúkọ́, oúnjẹ fọ́n sójú omi.

Kí tẹlifóònù tó kú, mo gbọ́ ọ tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.
Ohùn yẹn ni mo gbà gbọ́, kì í ṣe nọ́ńbà.
Ta wá ló fọwọ́ sí ohùn?
Kọfí ti jóná. Mi ò béèrè.