Aró Inú Kòtò Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún

Ọkọ̀ tó gbé ọ wá gba Ṣíún kọjá,
ó dé Ìdí-Abà lọ́sàn-án Ọjọ́rú,
ìwọ nínú ìgò tí kò ju ìka ọmọdé lọ,
yìnyín gbígbẹ ń rú èéfín yí ọ ká.
Mo fọwọ́ síwèé. Mo ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọ lára:
áńtíbọ́dì ènìyàn, èyí tó ń dojú kọ kọ́lájìn,
a ti sẹ́ ẹ mọ́, fún ìwádìí nìkan.
Wọn ò kọ orúkọ.

Ọkùnrin ni ọ́ ni, àbí obìnrin?
Ta ló kọ́ àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ
láti máa wó ilé tí a fi wọ́n ṣọ́?
Bóyá wọ́n fún ọ ní bisikíìtì
lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ jáde lápá rẹ,
o sì ra bàtà ọmọ rẹ lọ́nà ilé.
N ò mọ̀.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ wọ́n mú iná lọ.
Jẹnẹrétọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó panu mọ́.
Mo gun ọ̀kadà dé ọ̀dọ̀ Ṣẹ̀kínà ẹlẹ́ja dídì ní Kútọ̀,
ó ní kí ni mo fẹ́ fi odindi yìnyín ṣe lóru.
Mo ní àlejò kan wà lọ́dọ̀ mi tí kì í fẹ́ ooru.
Ó wò mí títí. Kò gbowó.
Ìdí nìyẹn tí o fi sùn mọ́jú
nínú kúlà tó ń rùn bí ẹja titọ́ọ̀sì.
Má bínú.

Ìyá mi, aláró ni ní Ìtòkú.
Mo jókòó lórí àpótí lẹ́bàá ìkòkò rẹ̀, mo ń ṣàlàyé:
A ó kọ́kọ́ tẹ́ kọ́lájìn sí ìsàlẹ̀ kòtò,
ohun tó di awọ mú, tó so egungun mọ́ egungun,
òun náà ló ń fà tìn-ìn lẹ́nu yín nínú pọ̀nmọ́.
Lẹ́yìn náà a ó da wàrà lé e,
kí ohun tí a ò pè má baà lẹ̀ mọ́ ọn.
Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀kọ lẹ dà lé e yẹn.
Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní í wọ̀ ọ́."
Ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ ìyẹn ní Alábàtà.

Oṣù tó kọjá òun náà na apá ní kílíníkì,
òun àti ogójì àgbàlagbà tí orúnkún wọn ń ké bí ilẹ̀kùn.
Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n fún un ní nọ́ńbà.
"Nọ́ńbà nìkan," ni ọ̀gá Ṣóbándé wí,
"a kì í wádìí ta ni ta ni."

Lónìí mo kán ọ sínú kòtò, ẹ̀kán bíńtín,
mo kán tiwọn náà tẹ̀ lé ọ.
Mo fọ̀ ọ́, mo dúró, mo tún fọ̀ ọ́.
Nígbà tí mo da omi ìkẹyìn sí i, aró yọ,
aró gidi, bíi ti ìkòkò ìyá mi
nígbà tí aṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí atẹ́gùn.
Tìrẹ ló kọ́kọ́ ràn, nítorí ìwọ la fi ń wọn àwọn yòókù.
Ṣùgbọ́n kòtò kan wà ní ìlà kẹta
tí aró rẹ̀ ṣú ju tìrẹ lọ.

N ò wo ìwé.

Lálẹ́ mo fi òrí pa oríkèé ìka ìyá mi,
ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó wú àti èyí tí kò wú.
Ó ní kí ló dé tí n ò sọ̀rọ̀. Mo ní ó rẹ̀ mí.

Ìgò rẹ ti ṣófo.
Mo fi omi ṣàn án kí n tó jù ú nù,
bí a ti í ṣan abọ́ àlejò
tí a ò ní í rí mọ́.